Ìlà Ìmọ́lẹ̀ Tí Mo Bá Ọ̀rẹ́ Mi Kà

Mo rántí òórùn èéfín karosíìnì lójú gíláàsì. A ó mú àfọ́kù gíláàsì fèrèsé, a ó gbé e sókè iná àtùpà títí ojú rẹ̀ yóò fi dú bí ìdí ìkòkò, a ó sì gbé e sílẹ̀ kí ó tutù. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi yóò mú abẹ́ ìfárùngbọ̀n méjì, yóò fi bébà fẹ́lẹ́ sáàárín wọn, yóò pa wọ́n pọ̀, yóò sì fà wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kọjá lára dúdú náà, kí ojú ìlà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ lè ṣí sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ láti gbà kọjá. Bí ó bá mí, ó ti bà jẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n, ó ti bà jẹ́. Gíláàsì méjìlá ni a bà jẹ́ kí ọ̀kan tó dára, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ń sọ ọ́ káàkiri pé àwọn tíṣà méjì ń ṣe òògùn nínú yàrá tí ilé-ìwé ń kó iṣu sí.

Kabba ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ní àwọn ọdún díẹ̀ tí ó ṣáájú òmìnira, nígbà tí gbogbo ìwé àṣẹ tiwa ṣì ń ti Kaduna wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ìwé kíkà àti ìtàn, mo sì gbà pé kò sí ohun kan láyé tí n kò lè ṣàlàyé. Ọ̀rẹ́ mi fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Òun ni tíṣà sáyẹ́ǹsì kan ṣoṣo tí ilé-ìwé wa ní, ará Ayewa ní ilẹ̀ Bùnù, ọkùnrin gíga tí kì í gbé ohùn sókè. Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é. Òun a máa pè mí ní Tíṣà A-bí-dí, a sì máa pè é jáde dáadáa níwájú àwọn ọmọ mi. Inú máa ń bí mi. Òun náà sì mọ̀ pé ó ń bí mi.

Ohun kan ni ó ń lé nígbà náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá kan ní òkè Àríwá fẹ́ mú tíṣà sáyẹ́ǹsì kan láti agbègbè wa, kí ó wá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n bá máa mú gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò kan fúnra rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí olùdánwò sì wá bá a ní ilé-ìwé rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn yòókù kò mọ̀ ni pé ojú rẹ̀ ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Etí odò ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, níbi tí kòkòrò dúdú kéékèèké ti ń jẹ ènìyàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ara ti ń yún un láti kékeré. Nígbà tó yá, ó wá rí i pé bí òun bá ti inú oòrùn wọ ilé, gbogbo ilé á ṣú mọ́ òun lójú, kò sì ní í là mọ́. Ní gbangba, ó ń kàwé, ó ń kọ̀wé sójú pátákó, ó ń gun kẹ̀kẹ́. Nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ bá wà ní títì, ọwọ́ ni ó fi ń wá àga.

"Ìlú tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn wà, dókítà ojú wà níbẹ̀," ni ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. "Bí mo bá ti dé ibẹ̀, mo lè lọ bá a. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ̀ kí n tó dé ibẹ̀, wọn ò ní mú mi. Ta ni yóò fi ọdún mẹ́ta kọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ń fọ́ ní sáyẹ́ǹsì?" Èmi àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó sọ ọ́ fún. Dísípẹ́nsárì tí ó wà nítòsí wa nígbà náà, oògùn kan náà ni wọ́n ń kán sí gbogbo ojú, yálà ojú tí ó pọ́n tàbí èyí tí iyanrìn wọ̀.

Kì í ṣe òun ni ó yan iṣẹ́ àyẹ̀wò náà. Inú lẹ́tà ni ó ti wá: kí ó fi ojú ìlà méjì pín ìmọ́lẹ̀, kí ó ṣírò àlàfo tí ó wà láàárín àwọn ìlà tí yóò hàn lórí bébà, kí ó sì ti ara rẹ̀ mọ gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ó lò. Inú òkùnkùn nìkan ni a ti lè rí àwọn ìlà bẹ́ẹ̀. Ó ka lẹ́tà náà tán, ó rẹ́rìn-ín. "Nínú gbogbo ohun tó wà láyé," ni ó wí, "ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fún mi."

Ó fi omi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó gbé abọ́ omi ńlá kalẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ó fi ìka méjì kan ojú omi lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní kí n wo bí òrùka ìgbì méjèèjì ṣe ń wọ inú ara wọn. Ó ní bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Níbi tí òkè ìgbì kan bá ti pàdé òkè ìgbì kejì, ibẹ̀ yóò mọ́lẹ̀ sí i. Níbi tí òkè bá ti pàdé kòtò, àwọn méjèèjì á pa ara wọn, ibẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Nítorí náà, kì í ṣe ìlà méjì ni a ó rí lórí bébà. Ọ̀pọ̀ ìlà ni: ọ̀kan á mọ́lẹ̀, ọ̀kan á dúdú, ọ̀kan á mọ́lẹ̀, ọ̀kan á dúdú, wọn á tò lọ.

"Ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀, ó wá di òkùnkùn?" ni mo bi í. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹmu ni ẹ mu?"

"Tíṣà A-bí-dí," ó ní, "bí mo bá mu ẹmu, ìlà mẹ́rin ni mo máa fà sójú gíláàsì."

Ìyàwó rẹ̀ tí ó ń gún iyán lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Ekinrin-Adde ni, obìnrin tí ọ̀rọ̀ máa ń yá lẹ́nu, tí ó máa ń pè mí ní ọkọ mi kékeré. Ó ní kí àwa méjèèjì dá omi òun padà sínú ìkòkò tí a bá ti kàn án tán.

Ìṣirò náà kò le. Tí a bá wọn àlàfo tó wà láti ìlà mímọ́lẹ̀ kan sí èyí tí ó tẹ̀ lé e, tí a sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìlọ́po bí ojú ìlà méjèèjì ṣe jìnnà síra, tí a sì fi bí bébà ṣe jìnnà sí gíláàsì pín in, gígùn ìgbì ni yóò jáde. Ojú ìlà méjèèjì jìnnà síra ní ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà kan. Ó ti fi awò ilé-ìwé tí ó ń mú nǹkan tóbi wọ̀n ọ́n nínú oòrùn, níbi tí ojú rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bébà náà jìnnà ní mítà méjì. Àlàfo àwọn ìlà nìkan ni ó kù, inú òkùnkùn sì ni ìyẹn wà. Ohun tí ó fi nílò mi nìyẹn.

Ọ̀sán gangan ni a máa ń ṣe é, nígbà tí àwọn ọmọ bá lọ jẹun. A fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dúdú bo fèrèsé yàrá iṣu náà, a sì fi ihò kan ṣoṣo sílẹ̀ lára pákó ilẹ̀kùn. Dígí ńlá kan tí a yá lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ ni ó ń ju oòrùn gba inú ihò náà. Gíláàsì pupa tí ó wà lẹ́nu ihò, ara iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni a ti yọ ọ́. Oòrùn kì í dúró. Mo ń sáré jáde láti yí dígí, mo ń sáré wọlé láti wo bébà, òógùn ń ro lára mi bí ẹni tí ó lọ sóko. Ooru páànù orí ilé ń bọ̀ wá sílẹ̀, iṣu ń rùn, èkúté sì ń gba ẹsẹ̀ wa kọjá. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí wọn. Wọ́n dúró gbọnrangandan lórí bébà funfun náà, pupa, dúdú, pupa, dúdú, bí ìgbà tí ènìyàn bá to ìka ọwọ́ síwájú iná. Mo pariwo. N kò tíì rí ohun tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rẹ́ mi dúró tì mí. "Báwo ni wọ́n ṣe rí?" ni ó béèrè. Mo ṣàlàyé títí, n kò sì rántí pé ẹni tí mo ń ṣàlàyé fún kò rí nǹkan kan.

Ó ní àlàfo kan ṣoṣo kéré jù fún rúlà wa. Kí n wọn ọ̀pọ̀ pa pọ̀, láti àárín ìlà mímọ́lẹ̀ kan sí àárín òmíràn tí ó jìnnà, kí n sì sọ iye àlàfo tí ó wà níbẹ̀ fún òun. Mo fi rúlà lé e, mo fi pẹ́ńsù sàmì sí ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, mo sì kà á.

"Mìlímítà mọ́kànlélógójì àti ààbọ̀."

"Àlàfo mélòó?"

"Mẹ́sàn-án."

"Tún un kà."

Mo tún un kà. "Mẹ́sàn-án ni, Ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ ọ́n kà. Iṣẹ́ mi ni."

Ó jáde sínú oòrùn, ó jókòó sórí òkúta, ó ṣe ìṣirò náà. Iye tí ó jáde jẹ́ 576, tí a bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà kà á. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ìwé rẹ̀ sọ pé ìmọ́lẹ̀ pupa máa ń tó nǹkan bí 650, àti pé 576 súnmọ́ àwọ̀ èso ìyeyè tí ó pọ́n. Ó bi mí bóyá pupa ni ìmọ́lẹ̀ yẹn lóòótọ́. Mo ní pupa bí ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní kí n tún kà á, mo tún wọlé, mo tún kà á, mẹ́sàn-án. Ó tún gbé gíláàsì náà sábẹ́ awò, ó tún wọ̀n ọ́n, kò yí padà. Ó wọn mítà méjì náà pẹ̀lú okùn, kò yí padà.

Mo gbà á nímọ̀ràn. Mo ní kí ó kúkú kọ 650 síbẹ̀, kí a lọ jẹun. Ta ni yóò mọ̀? Ó gbójú sókè wò mí. "Ohun tí a rí ni a ó kọ," ó ní. "Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó wà nínú ìwé ni mo fẹ́ kọ, kí ni mo tún ń wá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì?" Ó kọ 576, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé iye náà kéré sí ti inú ìwé àti pé òun kò tíì mọ ìdí rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni olùdánwò dé. Òyìnbó ni, ó ti dàgbà díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan tiro. Ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n jókòó sí, n kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti di akọ̀ròyìn, tí ọ̀gá náà sì ti fẹ̀yìn tì sí Mopa, mo lọ bá a nílé, mo sì kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́:

"Òyìnbó yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kí o kọ ìyẹn sílẹ̀. Ó yin ọ̀rẹ́ rẹ, ó ní ìwé rẹ̀ mọ́. Ó wá fi ìka sí ibì kan, ó ní, 'Gíláàsì àwọ̀ wo lẹ lò?' Ọ̀rẹ́ rẹ ní pupa. Ó ní, 'Iye tí ẹ kọ síbí kì í ṣe ti pupa. Ẹ̀yin gan-an lẹ fi ojú yín ka àwọn ìlà yìí?' Mo rí ọ̀rẹ́ rẹ tí ó ń wo ìwé náà, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tí ó ń ṣe ìṣirò. Ó wá ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà.' Òyìnbó ní, 'Ó dára. Ẹ jẹ́ ká lọ kà á pa pọ̀.'"

Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí n yí iye kan padà nínú ìwé rẹ̀, irọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó pa nìyẹn.

Èmi ni wọ́n pè láti di dígí mú níta. Ọ̀gá sọ fún mi pé kí n má ṣe wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀, nítorí ìdánwò ni. Àwọn mẹ́ta wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo yí dígí títí àmì oòrùn fi bọ́ sínú ihò náà ṣánṣán, mo sì gbọ́ ohùn òyìnbó nínú ilé tí ó ní, "Wọ́n dára o. Wọ́n dára gan-an." Inú mi dùn. Mo ti ń rò ó pé ọ̀rọ̀ parí.

Nígbà náà ni ìkùukùu yọ láti ẹ̀yìn òkè. N kò rí i títí ó fi dé. Mo kàn rí i pé àmì oòrùn ara pákó náà rẹ̀, ó pòórá, dígí ọwọ́ mi sì di irin lásán tí ń wo ojú ọ̀run. Mo gbójú sókè. Ìkùukùu dúdú ńlá ni, kì í ṣe èyí tí yóò yára kọjá. Mo sì gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi láti inú ilé. Ó ń ka ìlà náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún olùdánwò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ kékeré.

"Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta."

Mo dúró.

"Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà."

Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan tí ó ń wọ inú ilé náà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo di orísun rẹ̀ mú. Ó kà á dé ẹ̀sán. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ òyìnbó náà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá: "Ẹ ṣeun, ọ̀gbẹ́ni."

Ọ̀gá sọ fún mi ní Mopa pé, "Ojú wa ti mọ́ òkùnkùn náà lára. Bébà lásán ni, ọmọ mi. Kò sí ìlà kan lórí rẹ̀. Ó ń fi ẹnu pẹ́ńsù tọ́ka sójú bébà lọ́kọ̀ọ̀kan, àlàfo wọn dọ́gba. Ó ti há ibi tí gbogbo wọn wà sórí. Èmi ni mo kọ́kọ́ wolẹ̀, n kò lè wo òyìnbó yẹn lójú."

Wọ́n jáde. Òyìnbó náà ṣí fìlà, ó di ọ̀rẹ́ mi lápá sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, bí ẹni tí ó ń mú bàbá rẹ̀ sọdá títì. Lọ́gán ni ọ̀rẹ́ mi mọ̀. Ó gbójú sókè sí ìkùukùu náà, nítorí ní gbangba ojú rẹ̀ ṣì rí i, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Kó tó lọ, olùdánwò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí dókítà ojú fún un. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni wọ́n mú lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ó mú lẹ́tà náà lọ, dókítà wò ó, ó sì sọ fún un pé ohun tí ó ń jẹ ojú náà ti jẹ ẹ́ jìnnà, kò sí ohun tí òun lè ṣe ju kí òun fún un ní oògùn ara yíyún. Bóyá bí ó bá tètè lọ, kò ní dára jù bẹ́ẹ̀. Bóyá yóò dára díẹ̀. N kò rí ẹni tí ó lè sọ fún mi.

Kò lè máa kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì mọ́. Wọ́n múra láti padà sí Ayewa. Mo lọ bá wọn di ẹrù lọ́jọ́ ọjà kan. Ọ̀rẹ́ mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, ìyàwó rẹ̀ ń fi okùn di àpótí ìwé.

"Ọkọ mi kékeré, okun o," ni ó fi kí mi, kò gbójú sókè. "Ọjà tó ń bọ̀ la máa bá wọn lọ. Àwọn ọlọ́jà Bùnù ní àwọn á fi mọ́tò gbé wa."

Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ni ó kù.

"Ọjọ́ karùn-ún òní ni. Ṣé o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ka ọjà ni?"

N kò gbàgbé. Mo fi ìka kà á láìrò ó: òní, ọ̀kan; ọ̀la, èjì; títí mo fi dé ẹ̀karùn-ún. Mo sì wo ọwọ́ mi. Ọjọ́ márùn-ún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun mẹ́rin péré ni a ó sùn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. A ti ka òní mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe kọ́ mi láti ka ọjà, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ka ọjọ́ kẹjọ ìsọmọlórúkọ, tí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ jẹ́ ìkíní. Kò sí ẹni tí ó ń kà á lọ́nà mìíràn nílé wa. Nínú yàrá iṣu, mo ti fi ìka sí ìlà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo pè é ní ọ̀kan, mo sì kà dé ẹ̀sán. Ìlà mẹ́sàn-án ni. Àlàfo wọn jẹ́ mẹ́jọ.

Mo mú èédú, mo ṣe ìṣirò náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé wọn. Mọ́kànlélógójì àti ààbọ̀, mo fi mẹ́jọ pín in. Iye tí ó jáde lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ jẹ́ 648. Pupa ni. Iṣẹ́ rẹ̀ péye. Gíláàsì rẹ̀ péye, okùn rẹ̀ péye, abẹ́ méjèèjì péye. Bí mo bá ti sọ mẹ́jọ, olùdánwò ìbá ti pa ìwé náà dé, ìbá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ìbá sì lọ kí òjò tó dé.

"Kí lo ń kọ síwájú ilé mi?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Kò sí nǹkan kan," ni mo wí, mo sì fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́. N kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Mo bá wọn di ẹrù tán, mo fi yẹ̀yẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín, mo sì lọ sílé.

Èmi náà kò pẹ́ ní Kabba. Mo rí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ẹlòmíràn léèrè ohun tí wọ́n ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó lè gba ọ̀nà Ayewa. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun, irun rẹ̀ náà ti ń funfun. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò àkàsórí, wọ́n ń pariwo ìdáhùn, ó ń bú wọn, inú wọn sì ń dùn. Mo kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Tíṣà A-bí-dí!" ó ní. "Ohùn rẹ ti sanra."

Ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún mi. A sọ̀rọ̀ oko, a sọ̀rọ̀ ọmọ, a sọ̀rọ̀ àwọn tí ó ti kú. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, mo sọ ọ́. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn láti ìlú tí mo ti ń bọ̀. Mo ní èmi ni mo ka ìlà náà bí ẹni ka ọjà, àlàfo mẹ́jọ ni, kì í ṣe mẹ́sàn-án, kí ó foríjì mí.

Ó mi orí. "Mo ti mọ̀," ó ní. "Bí òyìnbó yẹn ṣe fi ìka sí i ni mo mọ̀. Mo fi mẹ́jọ pín in lọ́kàn mi níbẹ̀, ó jáde. Mo ní, háà, A-bí-dí ti ka ọjà fún mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Tí mo bá ní ẹlòmíràn ló kà á, yóò béèrè ìdí tí n kò fi kà á fúnra mi. Má da ara rẹ láàmú nítorí ìyẹn. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni ó yẹ kí n bi ọ́ bí o ṣe ń kà á."

Mo ti ń mí kanlẹ̀. Mo rò pé a ti parí.

"Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ yàtọ̀," ó ní. Ó yí ojú rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo jókòó sí. "Nígbà tí ìkùukùu bo oòrùn, ìwọ lo di dígí mú. O rí i. O sì ń gbọ́ ohùn mi. Kí ló dé tí o ò pè mí?"

Mo ní ọ̀gá ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ó sọ bẹ́ẹ̀." Ó sì ní kí ìyàwó rẹ̀ bá mi bu omi tútù.

Ó ti kú báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ránṣẹ́ sí mi, mo sì lọ síbi ìsìnkú náà, mo bá wọn jókòó. Èmi náà ti di arúgbó tí àwọn ọmọ ń ka ìwé ìròyìn fún. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mo kọ àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn, mo sì máa ń fi ìbéèrè kan náà há wọn mọ́gun títí wọ́n fi ń sọ òtítọ́. Èmi kò sọ tèmi fún un nígbà tí ó béèrè. Òtítọ́ ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni ó pa mí lẹ́nu mọ́. Mo ń gbọ́ ohùn kan tí ó ń ka ohun tí kò sí nínú òkùnkùn, mo mọ̀ pé n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, mo sì fẹ́ gbọ́ bí yóò ṣe parí. Ikọ́ kan ṣoṣo ìbá ti tó. Ó dúró díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀fà, bí ẹni tí ó ń retí nǹkan. Èmi náà dúró. Ó wá ní, "Èje."